Ilé-iṣẹ́ Ńlá Ò Wá Mọ́: Kí Ni Yóò Kù ní Ìpàtẹ Ọjà Àkúrẹ́?

Lẹ́tà náà ò gùn rárá. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba ààyè tó tóbi jù níbi ìpàtẹ ọjà wa ní Àkúrẹ́ kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò pé àwọn ò ní wá lọ́dún yìí. Wọn ò sì sọ pé àwọn máa wá lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n dúpẹ́ fún gbogbo ọdún tí a ti jọ ń ṣe é, wọ́n kí wa kú ìmúra, ó parí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé orí WhatsApp àwa tí a máa ń pàtẹ, kálukú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wí tirẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n fagi lé ìpàtẹ náà pátápátá. Ẹlòmíì ní kí wọ́n kó àgbààgbà jọ lọ bẹ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ ní òun ti san ìdajì owó ààyè, ta ni yóò dá a padà fún òun?

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, torí wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò tó bá rí i pé owó òun ń lọ tí kò bọ̀, òun ló mọ ibi tí yóò kó o gbà. Ẹni tó bá ti dé ìpàtẹ náà rí á ti mọ àgọ́ wọn. Iwájú gẹ́ẹ́tì ló máa ń wà. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ tiwọn, wọ́n ní ẹni tó ń fi orin sí i láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń pín fìlà àti ẹ̀wù. Àwọn ọmọ iléèwé á ti tò síbẹ̀ kí oòrùn tó mú. Àwa yòókù wà lẹ́yìn lábẹ́ kánópì, a ń lọgun kí oníbàárà tó lè gbọ́ iye tí a pe ọjà.

Bàtà aláwọ ni mò ń ṣe. Mò ń ṣe báàgì àti bẹ́líìtì pẹ̀lú, mo sì ń ṣe okùn aago ọwọ́ fún àwọn tó bá fẹ́ pààrọ̀ tiwọn. Okùn aago yìí ló sọ mí di ẹni tó ń ka ìròyìn nípa àwọn tó ń ṣe aago ní Switzerland. Àwọn oníbàárà tó ń wọ aago olówó ńlá máa ń fẹ́ kí ẹni tó ń bá wọn tún un ṣe mọ ohun tó dì mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹnu ò sì dùn ní sísọ pé “mi ò mọ̀” lójú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti bá ìtàn ìpàtẹ kan pàdé tí wọ́n ń pè ní Baselworld. Láti ìgbà tí lẹ́tà yìí ti dé ni ìtàn náà kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Basel jẹ́ ìlú kan létí odò Rhine, níbi tí ilẹ̀ Switzerland ti bá Jámánì àti Faransé pààlà. Ọdún 1917 ni wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ ọjà níbẹ̀, àwọn alágogo sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn alágogo àti àwọn oníwúrà gbà á mọ́ gbogbo ẹni yòókù lọ́wọ́, ó sì di pé ẹni tó ń ṣe aago tí wọn ò bá rí ní Basel, wọ́n á ní bóyá ó ti kógbá sílé. Ní 2013 wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tuntun tí àwọn ayàwòrán-ilé Herzog & de Meuron yà. Mílíọ̀nù 430 owó Swiss franc ni wọ́n ná sí i. Ní àárín gbùngbùn gbọ̀ngàn náà ni Swatch Group fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn ló ni Omega, Longines, Tissot, Breguet àti àwọn mìíràn. Kò sí ẹni tó tóbi tó wọn níbẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2018, Nick Hayek tó jẹ́ ọ̀gá Swatch Group ní àwọn ò wá mọ́ láti 2019 lọ. Ariwo ta. Gbogbo ìwé ìròyìn tó ń kọ nípa aago ló ń béèrè pé, ṣé Baselworld á là á já?

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo iye àwọn tó ń pàtẹ níbẹ̀. Ní 2017, wọ́n tó 1,300. Ní oṣù Kẹta 2018, wọ́n ti di 650. Ìdajì ti lọ! Swatch Group ṣì wà ní àyè wọn nígbà yẹn, wọn ò tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n tiẹ̀ ti gé ọjọ́ ìpàtẹ náà kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ nígbà náà ni ayé ò mọ orúkọ wọn: ẹni tó ń ṣe okùn aago bíi tèmi, ẹni tó ń ṣe àpótí tí wọ́n ń kó aago sí, ilé-iṣẹ́ kékeré tó ní irú aago méjì péré láti tà. Ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí kò ṣòro láti lóye. Owó ààyè wọ́n. Àwọn ilé ìtura ní Basel á sọ owó yàrá di ìlọ́po ìlọ́po lọ́sẹ̀ ìpàtẹ, oúnjẹ pàápàá á gbówó lórí. Wọ́n ráhùn títí, wọn ò rí ẹni tó dá wọn lóhùn, wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Kò sí ìwé ìròyìn tó kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé ọkùnrin kan tó ń ṣe àpótí aago kò wá lọ́dún yìí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹni ńlá wá lọ, gbogbo ayé sì ní òun ló ba ọjà jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé lẹ́yìn náà kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 2019 àwọn tó pàtẹ kù ní nǹkan bí 520. Kòrónà dé ní 2020, wọ́n sún ìpàtẹ sí oṣù Kìíní 2021, ìjà wá bẹ́ lórí owó táwọn èèyàn ti san sílẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin 2020, Rolex, Patek Philippe, Tudor, Chanel àti Chopard kéde pọ̀ pé àwọn ń lọ dá ìpàtẹ tuntun sílẹ̀ ní Geneva. Baselworld ò tún gbéra mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Mo sọ ìtàn yìí fún ẹ̀gbọ́n kan lára àwọn tó ń ṣètò ìpàtẹ tiwa, ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Alágbàká. Ó gbọ́ mi dópin, torí ẹni tó ní sùúrù ni. Ó wá ní, “Àbúrò, ìwọ náà wò ó. Bí àwọn wọ̀nyẹn ò bá sí níbẹ̀, kí ni èèyàn ń wá ṣe? Ṣé bàtà rẹ ni wọ́n á tìtorí ẹ̀ wọkọ̀ láti Oǹdó?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká jọ dúró sẹ́nu gẹ́ẹ́tì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ká wo ohun tí wọ́n ń gbé jáde.”

Ohun tí wọ́n ń gbé jáde kì í ṣe fìlà nìkan. Ẹní ni wọ́n ń gbé, ìkòkò, aṣọ, bàtà, tùràrí tí àwọn Hausa ń tà, àgbo. Èrò tó ń yí àgọ́ ńlá ká kì í pẹ́ lọ bí orin bá ti dákẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ná kọ́bọ̀. Mi ò sọ pé wọn ò wúlò fún wa. Ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ wá gba ẹ̀wù ọ̀fẹ́ lè yà sọ́dọ̀ mi bó bá ń lọ, ọ̀pọ̀ sì ti yà bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ẹni tó bá wá torí ọ̀fẹ́ àti ẹni tó kówó sápò wá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn tó kówó sápò, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ohun tí wọ́n ń wá rà?

Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ọlọ́jà tiwa náà ti ń lọ. Ìyá tó máa ń gbé aṣọ ṣẹ́gọ̀ṣẹ́n wá láti Ọ̀wọ̀, mi ò rí i mọ́. Àwọn Ìlàjẹ tó ń gbé púpurù àti ẹja yíyan wá láti ìhà Ìgbókòdá, àgọ́ wọn kọ́kọ́ dín kù, kó tó di pé ó parẹ́. Ìyá arúgbó kan wà tó máa ń ta ọṣẹ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọṣẹ rẹ̀ ló ń mú kí apá ọ̀dọ̀ wa kún, nítorí àwọn obìnrin á wá a dé ibẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ń dúró dè é, wọ́n á máa wo bàtà. Nígbà tí kò wá mọ́, mo lọ bá a nínú Ọjà Ọba.

Mo ní, “Màmá, ẹ ò wá sí ìpàtẹ mọ́?”

Ó ní, “Ọmọ mi, bí mo bá ta gbogbo ọṣẹ tí mo gbé wá, owó ààyè ni n ó fi san. Èrè wá dà?”

Kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni kó tó dẹ́kun wíwá. Ta ni yóò tiẹ̀ kọ ọ́ sí? Àwọn tó ń ṣètò ò sì ṣe ìpàdé pàjáwìrì lé e lórí. Ìdí tí owó ààyè fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ náà kò pamọ́: gbogbo ètò ni wọ́n ti tò yí ẹni ńlá ká. Wọ́n ní láti kọ́ pèpéle tó bá orúkọ rẹ̀ mu, wọ́n ní láti pe olórin, wọ́n ní láti ṣe iwájú gẹ́ẹ́tì lẹ́wà kó lè rí fọ́tò tó dáa yà. Òun ń san tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa kéékèèké ni wọ́n ń bù kún un lára.

Mo fẹ́ yà sọ́dọ̀ Apple díẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n sọ bá lẹ́tà tiwa mu. Ìpàtẹ Macworld ní San Francisco ti wà láti 1985. Níbẹ̀ ni Steve Jobs ti gbé iPhone àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kìíní 2007. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2008, Apple kéde pé ti oṣù Kìíní 2009 ni àwọn á fi parí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn èèyàn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀. Bí ọ̀nà bá ti wà láti ilé mi dé ilé oníbàárà mi, kí ni mo tún ń wá lábẹ́ kánópì ẹlòmíì? Ilé-iṣẹ́ tiwa náà ní alágbàtà ní gbogbo àdúgbò ìlú yìí, kò sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ọjà wọn ò sí. Ẹ̀bẹ̀ kò lè yí irú ìyẹn padà. Ẹni tó bá fẹ́ kó àgbààgbà lọ síbẹ̀, kó má kàn fi owó ọkọ̀ ṣòfò.

Macworld tún rìn díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó wáyé títí di 2014 kí wọ́n tó dá a dúró. Kò lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gbogbo ẹni tó ń pàtẹ níbẹ̀, ara ọjà Apple ni ọjà tirẹ̀ rọ̀ mọ́. Ti E3 tí wọ́n fi ń ṣe ìpàtẹ eré orí kọ̀ǹpútà ní Los Angeles náà jọ ọ́: Sony kọ̀ kò wá ní 2019, kòrónà tún dé, nígbà tó fi di oṣù Kejìlá 2023 wọ́n ní ó tán.

Ìpàtẹ ẹ̀rọ ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní CES ní Las Vegas ni kò bá wọn lọ. Microsoft ló máa ń sọ̀rọ̀ ìṣíde níbẹ̀ lọ́dọọdún, Bill Gates fún ọ̀pọ̀ ọdún, Steve Ballmer lẹ́yìn rẹ̀. Ní òpin 2011 wọ́n ní ti oṣù Kìíní 2012 ni ìkẹyìn. Àwọn kan ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún CES nígbà náà. Ní 2024, àwọn tó pàtẹ níbẹ̀ lé ní 4,000, gbogbo èèyàn tó wá síbẹ̀ lápapọ̀ sì lé ní 138,000. Ẹni tó wá torí tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, ẹni tó wá torí ọkọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa ka ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Igi kan ò dá igbó ṣe, ibẹ̀ ni mo ti rí òwe náà láàyè.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ti òyìnbó nìyẹn, pé tiwa yàtọ̀, mo ní èsì fún un láti inú oko bàbá mi.

Ọ̀nà Ìdànrè ni oko kòkó bàbá mi wà. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà tó ní ìpínlẹ̀ yìí ló mọ Bọ́ọ̀dù, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó. Ìjọba ni yóò dá iye tí wọ́n máa ra kòkó lọ́dún, àwọn tó gba ìwé àṣẹ ni yóò rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, Bọ́ọ̀dù ni yóò sì kó o ránṣẹ́ sókè òkun. Kò sí ẹlòmíì tí àgbẹ̀ lè tà á fún. Ní 1986, nígbà ìjọba Babangida, tí wọ́n ń ṣe SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, wọ́n tú Bọ́ọ̀dù ká. Ẹni tó tóbi jù lọ́jà, ẹnì kan ṣoṣo tó tiẹ̀ wà níbẹ̀, ló dìde lọ yẹn.

Ṣé ọjà kòkó kú? Rárá o. Owó kòkó fò sókè, àgbẹ̀ kọ́lé, àgbẹ̀ ra ọkọ̀. Ẹni tí kò mọ igi kòkó yàtọ̀ sí igi obì di ẹni tó ń ra kòkó. Gbogbo ìgboro Oǹdó àti Àkúrẹ́ kún fún òṣùwọ̀n. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ pé òun ò rí irú ìgbà bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rín á sì máa bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ tó bá sọ ọ́ dé ìdajì, ojú rẹ̀ á yí padà. Bọ́ọ̀dù kò kàn ń ra kòkó lásán. Lábẹ́ ètò wọn ni wọ́n ti ń yẹ kòkó wò kí wọ́n tó gbà á, tí wọ́n ń wò ó bóyá ó gbẹ, bóyá ó ní òórùn èéfín, bóyá kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Ètò ìjọba ìgbà yẹn náà ló jẹ́ kí oògùn tí wọ́n ń fín kòkó rọjú. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn tó dé tuntun ń ra kòkó tútù, wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ gbígbẹ, ẹnikẹ́ni ò yẹ nǹkan kan wò bí ó ti yẹ. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń rà á lókè òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé kòkó Nàìjíríà ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Oògùn náà gbówó lórí.

Iṣẹ́ tí Bọ́ọ̀dù ń ṣe yàtọ̀ sí kòkó rírà, tí ẹnì kankan ò kà sí iṣẹ́ títí wọ́n fi lọ, òun ni àlàfo tó ṣòro láti dí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣì ń ṣíwájú nínú kòkó lórílẹ̀-èdè yìí di òní. Ọ̀ràn yíyẹ̀wò àti dídára ọjà ló gba ọdún púpọ̀, kò sì tíì tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a yéé sọ̀rọ̀ nípa èrò tí yóò dín kù, kí a jókòó ka iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá náà ń ṣe fún wa láìsọ. Àwọn ló ń sanwó ìpolówó lórí rédíò, orúkọ tiwọn sì ni rédíò ń pè jù. Jẹnẹrétọ̀ wọn ló ń tan iná dé apá kan gẹ́ẹ́tì. Àwọn ọlọ́dẹ tí wọ́n gbà ń ṣọ́ ẹrù wọn lóru, ẹ̀rù wọn ń ba àwọn tó fẹ́ wá jí tiwa. Wọ́n gbé ilé ìyàgbẹ́ alágbèéká wá, àwa náà ń lò ó. Ṣé ẹ rí i? Orin ni gbogbo wa ń sunkún rẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi pápá Trade Fair ní ọ̀nà Badagry ṣe ní Èkó? Energoprojekt láti Yugoslavia ló kọ́ ọ, wọ́n ṣe ìpàtẹ àgbáyé níbẹ̀ ní 1977, àwọn ìjọba orílẹ̀-èdè ló kó ọjà wá. Lónìí, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti àwọn oníṣòwò tó kúrò ní Balógun ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kò lẹ́wà mọ́ bó ti rí, ọ̀nà ibẹ̀ sì burú. Àmọ́ ọjà ń tà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kò dúró de àlejò pàtàkì kan kó tó ṣí.

Ìpàtẹ wa yóò kéré lọ́dún yìí, mi ò fẹ́ tan ara mi jẹ. Gẹ́ẹ́tì ò ní kún bíi tàná. Owó tí àwọn tó ń ṣètò máa rí á dín kù, àwọn kan nínú wọn á sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lé wa lórí. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn ju ilé-iṣẹ́ tó lọ. Bí wọ́n bá fi owó kún owó ààyè láti dí àlàfo tó ṣí sílẹ̀, àwọn tó kù á tẹ̀ lé ìyá ọlọ́ṣẹ, tí a bá sì fi máa pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, àwa ẹni mélòó kan á kàn máa wo ojú ara wa.

A ti kọ ohun tí a fẹ́ sí wọn. A ní kí wọ́n pín ààyè ńlá iwájú gẹ́ẹ́tì náà sí kéékèèké, kí wọ́n fi í fún àwọn tó ti sá lọ, kí wọ́n sì gba ìdajì owó lọ́wọ́ wọn lọ́dún àkọ́kọ́. Kí ọjà tò bó ṣe ń tò nínú Ọjà Ọba, aláṣọ pẹ̀lú aláṣọ, ẹlẹ́ja pẹ̀lú ẹlẹ́ja, kí oníbàárà má máa wá ohun kan káàkiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Àwa aláwọ ti dá owó jọ fún jẹnẹrétọ̀ apá ọ̀dọ̀ wa, àwọn aláṣọ ní àwọn á gba ọlọ́dẹ. Ta ni yóò gbé ti ilé ìyàgbẹ́ ni a ṣì ń bá ara wa fà.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Alágbàká ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Mo gbà pé inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń pàṣẹ, ìwé iye owó ààyè tuntun kò sì tíì jáde. A ti sọ fún un lójú ara rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé bí iye ọ̀hún bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwa aláwọ àti ìyá ọlọ́ṣẹ ti rí iwájú ilé kan lẹ́bàá Ọjà Ọba tí onílé gbà pé ká pàtẹ sí ní ọ̀sẹ̀ kan náà.